Wọ́n Ní Kó Má Sá Ìje Níbi Eré Ìje

Ìyá kan ní Ẹ̀gbẹ́dá kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó bí sí Ìkòtún ṣùgbọ́n tó ti di ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ń gbèrò láti wa mọ́tò rẹ̀ lọ sí Jámánì, kó lọ wà á lójú ọ̀nà eré ìje olókìkí tí wọ́n ń pè ní Nürburgring. Kò tíì fi mọ́tò kúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì rí. Ìbéèrè ìyá yìí kò kan mọ́tò rárá: “Ẹni tó ti wà lókè òkun, tó tún ń lọ sókè òkun, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀ṣì?”

Màmá, ìbéèrè yín dùn mọ́ mi. Ibi tí òkun bá là wá láàárín là ń pè ní òkè òkun. Ẹni tó wọ mọ́tò ní Ìgàndó, tó gba Ìyànà-Ìbá já sí ọ̀nà Àgbádárìgì, tó kọjá ẹnu ibodè Sẹ̀mẹ̀ dé Kútọnù, kò dé òkè òkun kankan. Ẹ̀yìn odi ló lọ. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò tó ń pe Gánà ní òkè òkun ń ba èdè jẹ́ ni. Ẹ rántí Pelumi Nubi tó wa Peugeot 107 láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù dé Èkó lọ́dún 2024. Òkun wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, ó wà láàárín Sípéènì àti Mòrókò; láti Mòrókò wá sílé, ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ibi tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wà ló tún ṣe pàtàkì. Lójú ọmọ yín, òkè òkun ni Jámánì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹ sọ pé “ó ń ti Lọ́ńdọ́ọ̀nù lọ sí Jámánì”, ó tán. Bó bá sì jẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló gbà ní Dover, awakọ̀ ni títí dé èbúté. Lórí omi, ọwọ́ atukọ̀ ni òun àti mọ́tò rẹ̀ wà.

Ọ̀nà Nürburgring àtijọ́ yìí, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1927, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 21, kọ́nà 73 ni wọ́n sì máa ń kà níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó kọ “ìyànà” fún irú kọ́nà bẹ́ẹ̀. Ará Alímọ̀ṣọ́ bíi tiwa ò gbọdọ̀ ṣe irú àṣìṣe yìí, nítorí Ìyànà-Ìpájà ò jìnnà sí wa. Ibi tí ọ̀nà kan ti yà kúrò lára òmíràn ni ìyànà. Nürburgring ní kọ́nà 73, síbẹ̀ kò ní ìyànà téèyàn lè bá sálọ: bó o bá ti wọ̀ ọ́, ó di dandan kó o yí i ká. Ẹ má sì pè é ní “kọ̀rọ̀”, ibi ìkọ̀kọ̀ nìyẹn. Ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ ni. Ẹ ṣọ́ àmì ohùn yín o, kó má lọ di kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ẹranko tó ń kó adìyẹ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù nínú lẹ́tà yín ni “ó fẹ́ lọ sá ìje”. Eré nìkan ò tíì di ìje. Mọ́tò lè sáré láìbá ẹnikẹ́ni díje; ìje ni pé ẹnì kan wà tí o fẹ́ borí, tàbí aago tí o fẹ́ ṣẹ́gun. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣí Nürburgring fún gbogbo ènìyàn, òfin ìrìnnà Jámánì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, bí ọ̀nà olówó-ibodè lásán. Apá òsì nìkan ni wọ́n ti ń yà mọ́tò sílẹ̀ (bó ṣe yẹ kó rí lọ́nà LASU sí Ìṣẹ́rí, kí Ọlọ́run má jẹ́ á purọ́), ìje di èèwọ̀, kíka aago sì di èèwọ̀ pẹ̀lú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n wà gan-an ò fojú kéré ibẹ̀: lẹ́yìn tí awakọ̀ ìje Niki Lauda jóná níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1976, Formula 1 ò padà sórí ọ̀nà gígùn náà mọ́.

Nítorí náà, ọmọ yín ń lọ wakọ̀ ni, kò lọ sá ìje. Owó wà nínú ìyàtọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ adójútòfò ní Bìrìtéènì kì í san kọ́bọ̀ fún ìje, àwọn mìíràn tiẹ̀ dárúkọ Nürburgring gan-an nínú ìwé wọn pé àwọn ò dá sí ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Kó ka ìwé tirẹ̀ dáadáa kó tó kúrò nílé. Tó bá wá dé ibẹ̀ tó tẹná láìwo iwájú, ìyẹn kì í ṣe ìje, kì í ṣe wíwakọ̀ náà. Eré àsápajúdé lorúkọ rẹ̀, bíi ti àwọn dánfó Ìkòtún.

Ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ tó bá ń lọ, ẹ sọ fún un pé “ọ̀nà á re o”. “O kú ewu ọ̀nà” kì í ṣe fún ẹni tó ń lọ. Ẹni tó ti dé là ń kí bẹ́ẹ̀.