Ǹjẹ́ Máàpù Géèmù Tí Olólùfẹ́ Géèmù Ṣe Yẹ Nínú Ìwé Ìmọ̀?

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ wà ní kíláàsì ló gbé àpáta Olúmọ wọ inú géèmù. Oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀: àpáta náà fúnra rẹ̀, ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá pamọ́ sí nígbà ogun, ọ̀nà tóóró tó gba àárín òkúta kọjá, títí kan àwọn ojú ọlọ kéékèèké tí wọ́n ti ń lọ ata lára àpáta. Ẹni tó bá gbá a yóò mọ̀ pé ọgbọ́n ológun wà nínú ibi tí àwọn baba wa yàn, nítorí ẹni tó wà lókè ti rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i. Àwa tí a jọ ń gbé ilé kan náà gbá a títí iná fi lọ. Ìgbà náà ló sọ fún mi pé, "Ìwọ tó o máa ń kọ nǹkan sórí Wikipẹ́díà Yorùbá, kọ ti máàpù mi síbẹ̀."

Mo ní rárá. Inú bí i, kò sì bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Mo fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi kọ̀, nítorí ọ̀rọ̀ náà kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè gan-an.

Fún ẹni tí kì í gbá géèmù: máàpù ni ilẹ̀ tí eré ti ń wáyé, pẹ̀lú ilé, ọ̀nà àti ibi ìfarapamọ́ tó wà lórí rẹ̀. Iléeṣẹ́ tó ni géèmù ló sábà máa ń ṣe é, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ géèmù ló ṣílẹ̀kùn fún àwọn olólùfẹ́ wọn láti ṣe tiwọn.

Kì í ṣe nítorí pé olólùfẹ́ lásán ni ọ̀rẹ́ mi ni mo fi kọ̀. Counter-Strike fúnra rẹ̀, iṣẹ́ olólùfẹ́ ni. Minh Le àti Jess Cliffe ló gbé e jáde ní 1999, wọ́n kọ́ ọ lé orí géèmù mìíràn tó ń jẹ́ Half-Life, kí iléeṣẹ́ Valve tó gbà á lọ́wọ́ wọn. Dust2, tí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ máàpù tí àwọn agbágéèmù mọ̀ jù lágbàáyé, Dave Johnston, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe é jáde ní 2001. Ti DotA tún wá yani lẹ́nu. Máàpù tí olólùfẹ́ kan ṣe fún géèmù Warcraft III ní 2003 ni. Àwọn mìíràn gbà á, wọ́n tún un ṣe, títí irú eré tuntun gbáà fi ti ibẹ̀ jáde. Nígbà tó di 2013, Valve gbé Dota 2 jáde gẹ́gẹ́ bí géèmù tó dá dúró. Dust2 àti DotA ní ojú ewé tiwọn lórí Wikipẹ́díà Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tọ́ sí wọn.

Òfin tí Wikipẹ́díà ń tẹ̀lé kò béèrè ẹni tó ṣe nǹkan. Ohun tó ń béèrè ni pé: ǹjẹ́ àwọn tí kò bá ẹni náà tan, tí wọn kò sì gbowó lọ́wọ́ rẹ̀, ti kọ nǹkan tó jinlẹ̀ nípa iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí olóòtú ti ń yẹ ọ̀rọ̀ wò kó tó jáde? Àwọn oníròyìn àti olùwádìí ti kọ̀wé nípa DotA. Olórin ará Sweden kan, Basshunter, tilẹ̀ fi kọrin ní 2006. Ti Olúmọ ọ̀rẹ́ mi ńkọ́? Ẹnu òun nìkan ni mo lè gbà sọ̀rọ̀. Bí mo bá kọ pé oṣù mẹ́ta ló fi ṣe é, tí ẹnì kan sì jiyàn, kò sí ibi tí a óò lọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ibí yìí ni èdè ti wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá fẹ́ túmọ̀ ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní notability, gbajúmọ̀ la máa ń mú. Ẹ wo ìhun rẹ̀: igba, ojú, mọ̀. "I" ìbẹ̀rẹ̀ igba ti bọ́ dànù, "o" inú ojú náà sì ti ní ìpajẹ. Ẹni tí igba ojú mọ̀ ni gbajúmọ̀ (bí a bá ka ojú méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọgọ́rùn-ún ènìyàn péré nìyẹn, ilé wa nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un). Ṣùgbọ́n gbòǹgbò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, láti inú Látìn, sísàmì sí nǹkan àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ ló jẹ mọ́. Ọ̀rọ̀ tiwa ń ka ojú, tiwọn ń ka àmì lórí ìwé. Ẹni tó bá fi gbajúmọ̀ ka òfin náà yóò máa bínú pé, "Ṣebí gbogbo ènìyàn ló mọ̀ ọ́n!" Bí wọ́n bá ní kí n túmọ̀ rẹ̀, "níní àkọsílẹ̀" ni n óò pè é.

Mo gbà pé òfin náà dára, ṣùgbọ́n ó ń ta mí lára. Ẹ wo súwè tí àwọn ọmọdébìnrin ń fi òkúta tàbí ẹ̀ẹ́dú ya sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ kan fò láti ojúlé dé ojúlé. Máàpù ni ìyẹn náà, àwọn tó ń ṣeré ló ń yà á fúnra wọn, kò sì sí iléeṣẹ́ kankan tó ni ín. Ojú tó mọ̀ ọ́n ju igba lọ́nà igba lọ, síbẹ̀ ohun tí mo rí kà nípa rẹ̀ ní Yorùbá kò kún ọwọ́. Ayò sàn díẹ̀: ihò méjìlá, ọmọ méjìdínláàádọ́ta, àwọn olùwádìí ti kọ nípa rẹ̀ dáadáa. Nígbà náà, máàpù tí ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe ní 2001 wọlé wẹ́rẹ́, súwè tí ìyá wa fò kí wọ́n tó bí wa dúró sẹ́nu ọ̀nà.

Ó sì jẹ́ Abẹ́òkúta níbí ni Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní 1859. Ó kásẹ̀ nílẹ̀ ní 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn òyìnbó ajíhìnrere kúrò nílùú. Ohun tó bọ́ sínú rẹ̀ láàárín ọdún wọ̀nyẹn ṣì ṣeé tọ́ka sí lónìí. Ohun tí kò bọ́ sínú rẹ̀, ẹnu àwọn àgbà nìkan ló kù sí, àwọn àgbà sì ń lọ.

Àwọn kan ti gbìyànjú láti mú ohùn ẹnu wọ inú ẹ̀rí. Ní 2011, Achal Prabhala àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ gba ohùn àwọn ènìyàn sílẹ̀ ní Íńdíà àti Gúúsù Áfíríkà, kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí lórí Wikipẹ́díà. Mo fẹ́ràn èrò náà, àmọ́ ọ̀nà tó yá jù fún wa ni iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá tí oníkálukú wa gbọ́dọ̀ ṣe. Mélòó nínú wa ni yóò tún kọ nípa ìpajẹ fáwẹ̀lì lọ́dún yìí? Èmi ti yí tèmi padà: orúkọ ojúlé súwè àti ohun tí àwọn ọmọ ń wí bí wọ́n ti ń fò ó ni mo ń gbà sílẹ̀ báyìí, láti Ìjèmọ̀ dé Àsẹ́rò. Ojúlé kan náà kì í jẹ́ orúkọ kan náà ní àdúgbò méjì.

Ọ̀rẹ́ mi ti ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá òun lè fi àpilẹ̀kọ yìí ṣe ẹ̀rí fún máàpù òun. Mo ní kò ṣeé ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, mo sì ti jẹ ìrẹsì rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó sì yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi kí n wo èyí tó ń ṣe lọ́wọ́: ọjà Ìtòkú, pẹ̀lú adìrẹ tó so kọ́ lọ́tùn-ún lósì, tí ènìyàn lè sá pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.