Ohùn Ọ̀rọ̀ àti Ohùn Orin: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Tí A Fẹ́ Ṣe Eré Olórin

Ọjọ́ àṣà ẹgbẹ́ wa ti ń sún mọ́lé, a sì ti pinnu pé eré olórin lédè Yorùbá ni a ó ṣe. Púpọ̀ nínú wa ni wọ́n tọ́ dàgbà ní Minna níhìn-ín, láàárín àwọn Haúsá, Tápà àti Gbagyi. Inú ìwé orin ìjọ ni ọ̀pọ̀ wa ti kọ́kọ́ ka Yorùbá. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí í máa ba orin Yorùbá jẹ́ kí a tó gun orí ìtàgé.

Ibi tí eré olórin ti wá

Ní nǹkan bí ọdún 1600 ni eré tí àwọn Òyìnbó ń pè ní ọ́pẹ́rà bẹ̀rẹ̀ ní Ítálì. Orin ni àwọn òṣèré fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ní ti Yorùbá, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni tiwa ti jáde. Ní 1944, Hubert Ògúndé gbé eré kan jáde ní Èkó lórí ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ní Òṣogbo, Dúró Ládípọ̀, ọmọ katikíìsì, fi ìlù ìbílẹ̀ sí orin Àjíǹde ní 1961, inú sì bí àwọn kan nínú ìjọ. Kò padà lẹ́yìn rẹ̀. Ní 1963 ó ṣe Ọba Kò So, eré Ṣàngó, wọ́n sì gbé e dé Berlin ní 1964. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ní Minna, torí ìtàn sọ pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó.

Dò, re, mí

Ohùn mẹ́ta ni Yorùbá ní, ohùn ni ó sì ń ya ọ̀rọ̀ kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Nígbà tí àwọn míṣọ́nárì túmọ̀ orin ìjọ, ohùn orin Òyìnbó ni wọ́n to ọ̀rọ̀ wa lé. Ẹ wo àpẹẹrẹ méjì:

“Ẹ jẹ́ ká sìn ín.” Dò ni “sìn”. Bí orin bá gbé e sókè sí re, ó di “Ẹ jẹ́ ká sin ín”. Ẹni tí a wá júbà fún ni a fẹ́ sin bí òkú yẹn!

“Ọba kò so.” Re, re, dò, re. Bí a bá gbé “so” sí mí, ọba kò so mọ́. Ọba kò só ni. Ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ létí Ṣàngó?

Àwọn àgbà ti rí àléébù yìí tipẹ́. J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta fi ohùn orin ìbílẹ̀ kọ orin ìgbàgbọ́, ó sì gba àwọn orin rẹ̀ sílẹ̀ sínú àwo ní London ní 1922. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Èkó, kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953.

Ṣé a ní láti ṣe wàhálà tó báyìí?

Àwọn kan ní kí a sáà mú ohùn orin Òyìnbó tí a ti mọ̀, pé ta ni yóò mọ̀ ní Minna. Àwa kò gbà. Èdè olóhùn ni èdè Tápà àti Gbagyi náà. Wọ́n mọ ohun tí à ń wí. Àwọn òbí wa yóò sì jókòó níwájú. Àwa tí a kì í gbọ́ Yorùbá lójú pópó àti lọ́jà, bí a bá tún sọ ohùn rẹ̀ nù nínú orin, níbo ni a ó ti rí i?

Iṣẹ́ ṣíṣe

1. Ẹ sọ ìlà orin náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń sọ̀rọ̀.
2. Ẹ kọ dò, re, mí sórí sílébù kọ̀ọ̀kan.
3. Ẹ kùn ún láìpe ọ̀rọ̀, kí ẹ wá fi ìyẹn ṣe orin. Kò pọn dandan kí gbogbo dò wà lójú kan; ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti gòkè, kí orin má ṣe sọ̀.
4. Ẹ kọ ọ́ sí ẹni tí kò rí ìwé, kí ẹ bi í léèrè ohun tí ó gbọ́. Bí ó bá gbọ́ nǹkan mìíràn, orin ni kí ẹ yí, ẹ má yí ọ̀rọ̀.

A ó pàdé níbi ìfidánrawò. Kí ohùn wa má ṣe há o.