Wá Ọjọ́ Ìparí Kó O Tó Tọwọ́ Bọ̀wé

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Lọ́dún 1936, Bette Davis, òṣèrébìnrin ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí òkìkí rẹ̀ ti kàn, lọ sí ìlú Ọba láti ṣe fíìmù fún ẹlòmíràn. Warner Bros. tó ni ìwé àdéhùn rẹ̀ pè é lẹ́jọ́ ní London. Ó jẹ̀bi, ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ wọn.

Abẹ́ ọ̀gá kan náà ni Olivia de Havilland, òṣèrébìnrin bíi tirẹ̀, wà. Àdéhùn ọdún méje tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1936. Bí òṣèré bá kọ ipa tí wọ́n yàn fún un, wọ́n á dá a dúró láìsanwó, wọ́n á ka ọjọ́ tó fi jókòó sílé, wọ́n á sì fi lé ìparí àdéhùn rẹ̀. Mo rántí ìwọ̀fà ayé àtijọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kọ́bọ̀ kan kì í dín nínú gbèsè rẹ̀.

Olivia kì í ṣe oníjà o. Nígbà tí David Selznick, ẹni tó ń gbé fíìmù Gone with the Wind jáde, ń wá a fún ipa Melanie nínú rẹ̀, Jack Warner, ọ̀gá Warner Bros., yarí. Olivia ò pariwo. Ó pe Ann, ìyàwó Warner, wá mu tíì ní ilé oúnjẹ Brown Derby, ó tú ọkàn rẹ̀ fún un, ìyàwó sì bá ọkọ sọ ọ́. Fíìmù náà jáde ní 1939. Ọ̀nà kan ò wọjà: ibi tí ẹ̀bẹ̀ bá ti lè ṣe é, má tíì gba kóòtù lọ.

Ní 1943, ẹ̀bẹ̀ ò tó mọ́. Ọdún méje pé, iléeṣẹ́ Warner ní ó ṣì ku oṣù mẹ́fà tí wọ́n fi lé e. Agbẹjọ́rò Martin Gang fi òfin California hàn án pé wọn ò lè fi àdéhùn de òṣìṣẹ́ kọjá ọdún méje. Warner ní ọjọ́ tí èèyàn ṣiṣẹ́ nìkan ló wọ inú ìṣirò. Olivia ní ọdún méje ni ọdún méje. Ilé ẹjọ́ dá a láre, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì tì í lẹ́yìn lóṣù Kejìlá ọdún 1944.

Àmọ́ ó jìyà kó tó rí i gbà. Warner kọ̀wé sáwọn iléeṣẹ́ yòókù pé kí wọ́n má gbà á síṣẹ́. Nǹkan bí ọdún méjì ni kò fi ya fíìmù kankan. Ó ń kiri ọsibítù, ó ń bẹ àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ wò. Ìwọ ọ̀dọ́ tí iléeṣẹ́ orin tàbí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù gbé ìwé síwájú rẹ, jọ̀ọ́, wá ojú ewé tí ọjọ́ ìparí wà, fi ìka lé e, kó o bi wọ́n léèrè: ọjọ́ tí mi ò bá ṣiṣẹ́ ńkọ́, ọrùn ta ló wà? Bí wọn ò bá rí ìdáhùn gidi fún ọ, gbé bíírò sílẹ̀. Tó bá sì di ọ̀ràn ẹjọ́, kó owó oúnjẹ pamọ́ ná.

Olivia padà sẹ́nu iṣẹ́, ó gba Oscar fún To Each His Own tó jáde ní 1946, ó tún gba òmíràn fún The Heiress ti 1949. Ìlú Paris ló kú sí ní 2020, lẹ́ni ọdún 104. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ṣì fi ń pe òfin ọdún méje náà ní California.