Bí Òwú Bá Ń Dì Lábẹ́ Aṣọ, Òkè Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò

Ẹ̀rọ ìránṣọ la fẹ́ tú wò lónìí, pàápàá iṣẹ́ mónógíráàmù tí àwọn télọ̀ fi ń ṣe ọrùn àti àyà agbádá lọ́nà.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo lọ gba ṣòkòtò mi ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan ní Ajíbọ́dẹ níbí. Mo bá ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tó ń sunkún. Agbádá ọkọ ìyàwó ló wà níwájú rẹ̀, ọjọ́ kejì sì ni ìgbéyàwó. Òwú ti dì bí ìtẹ́ ẹyẹ sábẹ́ aṣọ náà, aṣọ sì ti ya díẹ̀ níbi tó ti ń fà á yọ. Ọ̀gá ní kó lọ pe àwọn òbí ẹ̀ wá san owó aṣọ.

Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, mo ti dè é títí, kò gbọ́." Ilé bọ́bìnì ló ń sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti fi sikurudíráfà dè nọ́ọ̀tì kékeré ara rẹ̀, síbẹ̀ òwú ṣì ń dì.

Òun nìkan kọ́ ló ń ṣe àṣìṣe yìí. Ìsàlẹ̀ la ti ń rí wàhálà, a wá ń rò pé ìsàlẹ̀ náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Báwo ni ẹ̀rọ ṣe ń ránṣọ?

Òwú méjì ló ń ṣiṣẹ́: tòkè tó gba ojú abẹ́rẹ́ kọjá, àti ti bọ́bìnì nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ á gbé òwú òkè wọ inú aṣọ lọ sísàlẹ̀. Bó ṣe fẹ́ máa padà sókè, òwú yẹn á ṣe ojóbó kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ abẹ́rẹ́. Ìkọ́ irin tó ń yí nísàlẹ̀ á mú ojóbó náà, á fà á yí bọ́bìnì ká. Lẹ́yìn náà ni apá irin tó ń lọ sókè sódò níwájú ẹ̀rọ á fa òwú tó ṣẹ́kù padà sókè, òwú méjèèjì á sì kọ́ ara wọn láàárín aṣọ. Elias Howe gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ tó ń ránṣọ báyìí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1846. Ọgbọ́n yẹn náà la ṣì ń lò.

Ẹ kíyè sí i: òwú òkè ló ń rìn yí bọ́bìnì ká. Apá irin yẹn, ibi tó bá rọrùn jù ló máa ti fa òwú. Tí kò bá sí ohun tó di òwú mú lókè, òwú tuntun ló máa fà láti ara rílì, ojóbó ìsàlẹ̀ á sì kù síbẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ìtẹ́ ẹyẹ ti dé.

Kí ló ń di òwú òkè mú? Abọ́ irin kékeré méjì ni, tí sípíríǹgì ń tì mọ́ra. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, tí a bá gbé irin ẹsẹ̀ ẹ̀rọ sókè, abọ́ méjèèjì á là, wọn ò ní di òwú mú mọ́. Fún mónógíráàmù, télọ̀ máa ń yọ ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kúrò kó lè máa fi ọwọ́ darí aṣọ bó ṣe wù ú. Nígbà tí kò ti sí ẹsẹ̀ mọ́, ó rọrùn láti gbàgbé pé irin rẹ̀ ṣì wà lókè. Ohun tó ṣe ọmọ yẹn gan-an nìyẹn.

Àwọn àmì mìíràn

*Òwú òkè ń já.* Kí a sọ pé sẹ̀ǹtímítà 9 òwú ló ń sọ̀ kalẹ̀ yí bọ́bìnì ká lẹ́ẹ̀kan, tí mìlímítà 3 péré sì ń dúró sínú aṣọ. Tí a bá pín 90 sí ọ̀nà 3, 30 ló máa jẹ́. Ìyẹn ni pé ibì kan náà lára òwú á gba ojú abẹ́rẹ́ lọ, á gbà á bọ̀, bí ìgbà 30 kó tó jókòó. Tí ojú abẹ́rẹ́ bá há jù tàbí tó ti ní egbò, ṣe ló máa ń họ òwú bí ayùn. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́. Tí òwú bá nípọn tàbí tó jẹ́ òwú dídán, ẹ lo abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ tóbi.

*Ẹ̀rọ ń fo.* Láìsí ẹsẹ̀ tó tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, aṣọ máa ń bá abẹ́rẹ́ gòkè, ojóbó kò ní ráyè yọ, ìkọ́ á sì kọjá lófo. Ẹ fa aṣọ nínú férémù kó le bí awọ ìlù, kí ẹ sì fi gum stay sẹ́yìn rẹ̀. Ẹ wo abẹ́rẹ́ náà bóyá ó ti tẹ̀. Ọ̀nà tóóró gígùn ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí ibi tí òwú ń gbà wọlé.

*Òwú bọ́bìnì ń yọ sójú aṣọ.* Òwú òkè ti le jù. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀.

*Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ò bára mu.* Kí a sọ pé abẹ́rẹ́ ń gún aṣọ nígbà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọwọ́ yín bá sún aṣọ ní sẹ̀ǹtímítà 2 láàárín àkókò yẹn, ojú rírán kọ̀ọ̀kan á jẹ́ mìlímítà 2. Tí ọwọ́ bá dúró, ojú kan náà ni abẹ́rẹ́ á máa gún, òwú á sì kó jọ síbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

1. Ẹ gbé irin ẹsẹ̀ sókè, ẹ tún òwú òkè kì látìbẹ̀rẹ̀, kó lè wọ àárín abọ́ méjèèjì.
2. Ẹ sọ irin náà kalẹ̀ kí ẹ tó ránṣọ, bí kò tiẹ̀ sí ẹsẹ̀ níbẹ̀.
3. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́.
4. Ẹ tún aṣọ fà nínú férémù.
5. Nọ́ọ̀tì bọ́bìnì ló máa gbẹ̀yìn.

Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì dán an wò lórí àkísà. Tí ẹ bá yí mẹ́ta pa pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọmọ yẹn sọ irin kalẹ̀, ìtẹ́ ẹyẹ dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n aṣọ ń sún kì, torí bọ́bìnì tó ti dè jù. Ó ní láti tú u padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n fi gum stay di ibi tó ya, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọnà bò ó. Wọ́n parí agbádá náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀gá ò sì dárúkọ òbí ẹnikẹ́ni mọ́.

Tí ẹ bá ní àbúrò tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí sí i létí kí wọ́n tó ní kó san owó aṣọ.