Àpótí Ìmọ̀: Wíwo Ètò Àgbègbè OSPF

OSPF ni ìlànà tí àwọn ráútà fi ń sọ ipa-ọ̀nà fún ara wọn. Ẹ̀dà rẹ̀ kejì wà nínú RFC 2328 ti ọdún 1998. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńlá ni wọ́n ń pín sí àgbègbè, kí ráútà kan má baà gbé àwòrán gbogbo rẹ̀ sórí. Àgbègbè 0 ni òpó tí àwọn yòókù so mọ́.

Bí àpẹẹrẹ, kí á ní Yunifásítì KNUST ní Kumasi fi ilé ìgbé akẹ́kọ̀ọ́ Unity Hall sí àgbègbè 10. Ojú ìwé sọ́fítíwià ìṣàkóso yóò kọ ọ́ báyìí: 0.0.0.10, stub, ráútà ààlà 1, ìṣirò SPF 412. 0.0.0.10 àti 10 kò yàtọ̀ síra. Ibẹ̀ ló ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ láàmú. «Stub» ń sọ pé ipa-ọ̀nà láti òde OSPF kò gbọdọ̀ wọlé. Ráútà ààlà ló ń fi ipa-ọ̀nà kan ṣoṣo rọ́pò wọn. Nọ́ńbà SPF, ìyẹn iye ìgbà tí ráútà ti tún ipa-ọ̀nà ṣírò, ló yẹ kí ojú wà lára rẹ̀ jù: bó bá ń gòkè ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, àfàìmọ̀ kí ìsopọ̀ kan má máa já, kó tún máa so.

Bí ráútà méjì lórí okùn kan bá yàtọ̀ ní nọ́ńbà àgbègbè, tàbí tí ọ̀kan jẹ́ stub tí èkejì kò jẹ́, wọn kò ní fi OSPF bára wọn sọ̀rọ̀ rárá.