Oògùn ni Tàbí Májèlé? Ìperí fún Èròjà Apakòkòrò tí Ewu Rẹ̀ Kéré Nínú Òfin Ààbò Ohun Ọ̀gbìn

1.0 Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò mọ sórí ọmọ nìkan. Ohun tí a ń lò lóko àti nínú ilé náà ní orúkọ, orúkọ tí a bá sì fún un ní í máa tọ́ ọwọ́ tí a fi ń mú un. Nínú iṣẹ́ yìí, a ó ṣe àyẹ̀wò ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, èyí ni "oògùn", gẹ́gẹ́ bí àgbẹ̀, ọlọ́jà àti olóúnjẹ ṣe ń lò ó fún èròjà tí a fi ń pa kòkòrò. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ yìí bo ìyàtọ̀ pàtàkì kan mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tí òfin ààbò ohun ọ̀gbìn òde òní dúró lé lórí, èyí tí ó wà láàrin èròjà tí ewu rẹ̀ pọ̀ àti èyí tí ewu rẹ̀ kéré. Ẹ̀mí ẹni tí yóò jẹ ẹ̀wà tí a fi èròjà náà sí ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí náà ó yẹ kí olùkọ́ èdè dá sí i.

2.0 Ìhun àti Ìtumọ̀ "Oògùn"

Ẹ jẹ́ kí a wo àpólà-orúkọ wọ̀nyí: oògùn ibà, oògùn ikọ́, oògùn eku, oògùn ẹ̀fọn. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ọ̀rọ̀-orúkọ kejì ni ọ̀tá tí a fẹ́ ṣẹ́gun. Ẹ wá wo ìwọ̀nyí pẹ̀lú: oògùn ọmọdé, oògùn kòkó, oògùn ẹ̀wà. Níhìn-ín, ọ̀rọ̀-orúkọ kejì ni ẹni tàbí ohun tí a fẹ́ ṣe lóore. Ìhun kan náà ni, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ wọn yàtọ̀.

Ẹni tí ó gbọ́ "oògùn eku" mọ̀ pé ikú wà nínú rẹ̀, nítorí pé a dárúkọ ẹni tí yóò kú. Ṣùgbọ́n nínú "oògùn ẹ̀wà", a kò dárúkọ kòkòrò tí a fẹ́ pa, a kò sì dárúkọ ènìyàn tí yóò jẹ ẹ̀wà náà. Àfi bí ẹni pé ẹ̀wà ń ṣàìsàn, tí a sì fẹ́ wò ó sàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò mọ́ ọn kò ràn wá lọ́wọ́. "Ó lo oògùn" lè túmọ̀ sí pé ó gbé hóró oògùn mì, ó sì tún lè túmọ̀ sí pé ó fín oògùn sóko.

Ìtàn kòkó nílẹ̀ Yorùbá jẹ́rìí sí èyí. Gamalín 20 ni àwọn àgbẹ̀ kòkó fi ń bá kòkòrò jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, oògùn kòkó ni wọ́n sì ń pè é. Àwọn kan tilẹ̀ ń dà á sódò láti fi pa ẹja tí wọn yóò jẹ. Lindane ni èròjà tí ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Ní ọdún 2009, àwọn orílẹ̀-èdè tí ó tọwọ́ bọ àdéhùn Stockholm fi lindane sí ara àwọn èròjà tí ó yẹ kí ayé jáwọ́ nínú ṣíṣe àti lílò wọn.

3.0 Ohun tí Òfin Pè ní Ewu Kékeré

Òfin tí ó ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ yìí kínníkínní ni òfin Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù, nọ́ńbà 1107 ti ọdún 2009, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 14 oṣù kẹfà ọdún 2011. Òfin yìí kò kó gbogbo èròjà pọ̀ sínú agbọ̀n kan. Èròjà tí kò ní ẹ̀tọ́ pàtàkì kankan kì í gba ju ọdún 10 lọ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Èyí tí ewu rẹ̀ kéré lè gba tó ọdún 15. Kí èròjà tó lè gba orúkọ yìí, kò gbọdọ̀ fa àrùn jẹjẹrẹ, kò gbọdọ̀ ṣe ìpalára fún ọmọ bíbí, kò gbọdọ̀ bó ènìyàn lára, kò sì gbọdọ̀ ba iṣẹ́ ọpọlọ àti ìmọ̀lára jẹ́. Bí ó bá jẹ́ èròjà kẹ́míkà, ìdajì rẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù sínú ilẹ̀ lẹ́yìn 60 ọjọ́. Àpẹẹrẹ kan ni ferric phosphate, tí a fi irin àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ṣe, tí wọ́n ń lò fún ìgbín tí ń jẹ ẹ̀fọ́.

Òfin kan náà tún ya ìsọ̀rí mìíràn sọ́tọ̀, èyí tí a lè pè ní èròjà ìpìlẹ̀. Àwọn ohun tí a mọ̀ fún iṣẹ́ mìíràn ni, bíi ṣúgà, iyọ̀, ọtí bíà, wàrà àti ọtí kíkan tí a fi ń se oúnjẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n wúlò fún ààbò ohun ọ̀gbìn. Wọn kò fi gbèdéke ọdún sí àṣẹ tiwọn.

Orílẹ̀-èdè Faransé fi ìpínsísọ̀rí yìí ṣe òfin tirẹ̀. Sẹ́nétọ̀ Joël Labbé ni ó gbé àbá òfin náà kalẹ̀, ó sì di òfin ní 6 oṣù kejì ọdún 2014. Láti 1 oṣù kìíní ọdún 2017, ìjọba kò gbọdọ̀ fín apakòkòrò kẹ́míkà sí ọgbà ìgbafẹ́ gbogbo ènìyàn mọ́. Láti 1 oṣù kìíní ọdún 2019, ìkálọ́wọ́kò náà dé ọgbà ẹ̀yìnkùlé. Síbẹ̀, òfin náà yọ ọ̀wọ́ mẹ́ta sílẹ̀: èyí tí a ṣe láti ara ohun alààyè tàbí ọ̀nà tí ẹ̀dá fúnra rẹ̀ ń gbà ṣiṣẹ́, èyí tí ewu rẹ̀ kéré, àti èyí tí wọ́n fàyè gbà fún oko tí kò lo kẹ́míkà.

Ẹ kíyè sí i pé ohun tí òfin ní orúkọ fún ni ó lè yọ sílẹ̀. Bí èdè kan bá ń pe gbogbo wọn ní oògùn, ọ̀nà méjì péré ni ó kù fún un: kí ó fòfin de gbogbo wọn, tàbí kí ó gba gbogbo wọn láàyè.

4.0 Ọ̀ràn Náà ní Nàìjíríà

Ní orílẹ̀-èdè wa, àjọ NAFDAC ni ó ń fọwọ́ sí apakòkòrò. Ní ọdún 2019, àjọ náà fòfin de dichlorvos inú ìgò kékeré 100 mílílítà, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń fi í sóúnjẹ tí wọ́n sì ń fi í gbẹ̀mí ara wọn. Paraquat, tí a fi ń pa koríko, di èèwọ̀ láti 1 oṣù kìíní ọdún 2024. Chlorpyrifos láti 1 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Atrazine láti 1 oṣù kìíní ọdún 2025.

Ẹ̀wà ni ó jẹ́ kí ayé gbọ́ nípa ọ̀ràn yìí jù lọ. Ní oṣù kẹfà ọdún 2015, Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos. Òdiwọ̀n tí wọ́n fàyè gbà ni 0.01 mílígírámù nínú kílógírámù kan, ṣùgbọ́n wọ́n bá 0.03 títí dé 4.6 nínú ẹ̀wà wa. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ ìlọ́po 460 òdiwọ̀n náà. Ẹ̀wà tí Yúróòpù kọ̀, àwa ni a ń jẹ irú rẹ̀ nílé.

Kí wá ni olówò ẹ̀wà yóò lò? Ìbéèrè kan wà tí ó lè tọ́ wa sọ́nà: ṣé ohun tí èròjà náà ń bà jẹ́ lára kòkòrò wà lára ènìyàn pẹ̀lú? Dichlorvos ń ba ètò ìmọ̀lára kòkòrò jẹ́, ètò náà sì wà lára tiwa. Ìdí nìyí tí ewu rẹ̀ fi pọ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi wé àwọn wọ̀nyí:

(i) Àpò alápá mẹ́ta tí a ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì ni ó wà nínú àpò kan. Bí a bá dì í pinpin, kòkòrò yóò lo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, yóò sì kú. Ní Kamẹrúùnù ni iṣẹ́ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, ẹ̀wà gan-an ni wọ́n sì torí rẹ̀ ṣe é. Kò sí èròjà kankan tí yóò kù sínú ẹ̀wà.

(ii) Ìyẹ̀fun òkúta. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí NSPRI, tí olú ilé rẹ̀ wà ní Ìlọrin, fi òkúta Bularafa ní Ìpínlẹ̀ Yobe ṣe ìyẹ̀fun tí a ń pò mọ́ ohun ọ̀gbìn. Ó ń fa ọ̀rá tí ó bo ara kòkòrò, omi ara rẹ̀ yóò sì gbẹ.

(iii) Bacillus thuringiensis. Ohun alààyè àìfojúrí ni. Inú ìfun àwọn kòkòrò afàyàfà ajẹwé ni oró rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ikùn ènìyàn kò rí bẹ́ẹ̀.

(iv) Aflasafe. Àwọn onímọ̀ IITA ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ṣe é. Irúfẹ́ ohun tí ń mú oúnjẹ bu ni, ṣùgbọ́n kò ní májèlé. Bí a bá fọ́n ọn sí oko àgbàdo tàbí ẹ̀pà, yóò gba àyè mọ́ irú tirẹ̀ tí ó ní májèlé afilatóksíìnì lọ́wọ́.

5.0 "Ti Ìbílẹ̀" Yàtọ̀ sí "Aláìléwu"

Àṣìlò kan tí a gbọ́dọ̀ yẹra fún ni pé kí a máa rò pé ohunkóhun tí ó bá ti ara ewé wá kò léwu. Ara ewé tábà ni nicotine ti wá, ṣùgbọ́n ní ọdún 2008 ni Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù pinnu pé kò yẹ ní apakòkòrò mọ́. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n pinnu lórí rotenone, tí a ń rí lára irúfẹ́ ewéko tí àwọn apẹja fi ń pa ẹja lódò. Òfin kì í bi èròjà léèrè ibi tí ó ti wá nìkan. Ohun tí ó ń ṣe ni ó ń wò.

Èyí tí ewu rẹ̀ kéré pàápàá ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ń po ìyẹ̀fun òkúta mọ́ àgbàdo gbọ́dọ̀ bo imú, kí eruku rẹ̀ má baà wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dóńgóyárò tí a gún láìsí òdiwọ̀n kò kúrò ní abẹ́ òfin yìí. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

6.0 Àbá Ìperí

Lórí ohun tí a ti jíròrò, a dábàá ìperí wọ̀nyí fún ìwé àti yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́:

(i) apakòkòrò eléwu-ńlá: èyí tí ń pa kòkòrò ní ọ̀nà tí ó lè gbà pa ènìyàn;
(ii) apakòkòrò eléwu-kékeré: èyí tí ó ti yege nínú òdiwọ̀n tí òfin là sílẹ̀;
(iii) alékòkòrò: èyí tí ń lé kòkòrò láì pa á;
(iv) àpò adínà-afẹ́fẹ́: àpò tí ń pa kòkòrò láìlo èròjà.

A mọ̀ọ́mọ̀ fi "ewu" sílẹ̀ nínú ìperí kejì. Bí a bá pè é ní "aláìléwu", a ti padà sí àṣìṣe tí ó wà nínú "oògùn". Àǹfààní ìṣẹ̀dá-ọ̀rọ̀ pẹ̀lú àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ni pé ó ń sọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe. Ẹni tí ó gbọ́ "apakòkòrò ẹ̀wà" ti gbọ́ "pa" kí ó tó gbọ́ "ẹ̀wà".

Ó tún yẹ kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè àwọ̀ tí ó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé ara ìgò. Pupa ni fún èyí tí oró rẹ̀ le jù, àwọ̀ ìyeyè tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà búlúù, àwọ̀ ewé ni ó sì gbẹ̀yìn. Ìyá àgbà tí kò mọ̀wé lè ka àwọ̀ bí a bá ti kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n òtapíàpíà tí wọ́n rọ sínú ìgò lásán lọ́jà kò ní àwọ̀ kankan, kò sì ní ọ̀rọ̀ kankan lára. Orúkọ tí a bá pè é nìkan ni ìkìlọ̀ tí olùrà yóò gbọ́.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti fi hàn pé "oògùn" nínú "oògùn ẹ̀wà" ń gbé àǹfààní yọ, ó sì ń fi ikú pamọ́. A ti fi hàn pẹ̀lú pé òfin tí ó bá fẹ́ fàyè gba ohun tí ewu rẹ̀ kéré gbọ́dọ̀ ní orúkọ fún un. Wọ́n ní oògùn tí a kò bá fi owó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní ń gbé. Bákan náà ni ọ̀nà ìpamọ́ tí kò gbówó lórí yóò máa gbé ẹ̀yìn ààrò bí kò bá ní orúkọ tí ọlọ́jà lè fi béèrè rẹ̀. Iṣẹ́ àwa olùkọ́ èdè ni láti fi orúkọ náà sí wọn lẹ́nu.

Iṣẹ́ Àmúṣe

1. Kọ àpólà-orúkọ mẹ́wàá tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "oògùn". Sọ bóyá ọ̀tá ni ọ̀rọ̀-orúkọ kejì ń tọ́ka sí tàbí ẹni tí a fẹ́ ṣe lóore.
2. Lọ sí ọjà tí ó sún mọ́ ọ. Kọ orúkọ tí àwọn ọlọ́jà ń pe apakòkòrò márùn-ún, kí o sì sọ àwọ̀ tí ó wà lára ìgò kọ̀ọ̀kan.
3. Kọ ìkìlọ̀ onílà mẹ́ta ní èdè Yorùbá fún apakòkòrò kan, láìlo ọ̀rọ̀ náà "oògùn".