Kí Ni Ọ̀rá Ń Wá Nídìí Oògùn Ibà?

ÌBÉÈRÈ: Kòmú ni mo ti ń kọ̀wé. Ibà dá ọmọ mi gúnlẹ̀, wọ́n sì fún un ní hóró oògùn tí à ń lò lẹ́ẹ̀mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ní kó máa fi oúnjẹ ọlọ́ràá lò ó, bẹ́ẹ̀ ẹ̀kọ gbígbóná nìkan ló ń wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Àbúrò mi tó ń kọ́ iṣẹ́ oògùn n'Íbàdàn wá sọ pé wọ́n ti ń lọ oògùn kúnná báyìí débi pé ojú kò lè rí i, pé irú ẹ̀ kì í wá oúnjẹ. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé kí èmi náà máa fi ọmọ odó lọ tiwa?
Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Kòmú.

ÌDÁHÙN: Ìyá wa, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ara rẹ̀ á yá o. Òótọ́ ni àbúrò yín sọ, àmọ́ ohun tó ń wí kò tíì dé orí oògùn ibà tó wà lọ́wọ́ yín. Ti nọ́ọ̀sì ni kí ẹ dì mú ná.

Oògùn méjì ló wà nínú hóró yẹn, artemether àti lumefantrine. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́kọ́ pò wọ́n pọ̀, Nàìjíríà sì sọ irú oògùn àpapọ̀ bẹ́ẹ̀ di àkọ́lò fún ibà ní 2005, nígbà tí chloroquine kò ran ibà mọ́. Artemether a máa yára pa kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ló ń dúró lẹ́yìn fún ọjọ́ mélòó kan láti gbá èyí tó bá ṣẹ́ kù. Lumefantrine yìí gan-an ni kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Oògùn tí kò bá yòrò nínú ìfun kò lè wọ inú ẹ̀jẹ̀, ìgbẹ́ ló máa bá lọ. Bí oúnjẹ bá lọ́ràá, omi òróòro á tú sínú ìfun, á sì gbé lumefantrine wọlé. Nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tára wọn le, iye tó wọlé fún àwọn tó jẹ oúnjẹ ọlọ́ràá tó ìlọ́po 16 ti àwọn tí inú wọn ṣófo. Ọ̀rá tí à ń wí kò sì pọ̀: ìwádìí kan tí wọ́n fi mílíìkì sóyà ṣe fi hàn pé gíráàmù kan lé díẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó.

Ẹ wá jẹ́ ká wo ti àbúrò yín. Bí ẹ bá ju gbodo kan sínú omi gbígbóná, tí ẹ sì da èlùbọ́ sí omi mìíràn, iṣu kan náà ni, ṣùgbọ́n omi rí èlùbọ́ fọwọ́ kàn ju gbodo lọ fíìfíì. Ká ní oògùn kan fẹ̀, ó gùn, ó sì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá gé e wẹ́wẹ́ títí ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan fi di 100 nánómítà, gbogbo ojú ara rẹ̀ tí omi lè kàn á fẹ̀ ju ilẹ̀ yàrá mẹ́rin tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóòró. Ẹ pín mìlímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ìpín kan nínú rẹ̀ ni nánómítà. Inú omi ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, nínú ẹ̀rọ tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké líle gbo ó. Lílọ̀ nìkan kọ́ niṣẹ́ o. Ohun tó bá kúnná tó bẹ́ẹ̀ á fẹ́ padà lẹ̀ mọ́ra, kó ta kókó bí àmàlà ọwọ́ aláìmọ̀ọ́rò, nítorí náà wọ́n á fi èròjà kan bo ọ̀kọ̀ọ̀kan lára.

Oògùn tí wọ́n lọ̀ báyìí ti wà lórí igbá. Ní 2000, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí hóró sirolimus tí wọ́n ṣe báyìí fún àwọn tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún; kó tó dìgbà náà, oògùn olóròóró tí wọ́n ń gbé sínú fíríìjì ni. Fenofibrate, oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, 300 mílígíráàmù ni láyé àtijọ́, ó sì ń wá oúnjẹ. Nígbà tí wọ́n lọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n nánómítà, 145 tó, èèyàn sì lè lò ó láìjẹun. Ní ti ibà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Anthony Attama àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Nsukka ti fi artemether àti lumefantrine sínú ọ̀rá tó kéré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n yàrá ìwádìí ni iṣẹ́ náà ṣì wà. Ẹni tó bá ń polówó ìgò nínú mọ́tò, tó ń pe àgbo rẹ̀ ní “náńò”, ẹ jẹ́ kó máa bá tirẹ̀ lọ.

Ọmọ odó kò lè ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ yẹn, ìyá wa. Bó ti wù kí ẹ gún un tó, ẹyọ èyí tó kúnná jù á ṣì tóbi ju ti náńò lọ níye ìgbà. Bí ọmọ kò bá lè gbé hóró yìí mì, ẹ lè fọ́ ọ sínú omi díẹ̀ kí ó mu ún lójú ẹsẹ̀, tàbí kí ẹ béèrè èyí tó ń tú nínú omi, tí wọ́n ṣe fún ọmọdé láti 2009. Oògùn mìíràn, ẹ má fọ́ ọ láìbéèrè, nítorí àwọn kan wà tí wọ́n bò lára kí wọ́n lè máa tú díẹ̀díẹ̀.

Ẹ bu mílíìkì sínú ẹ̀kọ yẹn, tàbí kí ẹ fún un ní wàrà Fúlàní díẹ̀, àkàrà, tàbí ẹ̀pà. Bí kò bá lè jẹun rárá, ẹ má torí ẹ̀ fo oògùn. Ẹ fún un, kí ó jẹun nígbà tó bá lè jẹ. Wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni ìkejì, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ méjì. Bó bá bì í láàárín wákàtí kan, ẹ tún un fún un. Bó bá ń bi gbogbo ohun tó jẹ, tí gìrì mú un, tàbí tí ẹ jí i tí kò jí dáadáa, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́.